Ẹ Má Fi Ẹ̀jẹ̀ Yìí Pamọ́: Oyún Ṣíṣẹ́, Òfin àti Ìtọ́jú ní Mile 12

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Mile 12, àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó kó tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti iṣu láti Òkè Ọya ti ń já ẹrù. Àwọn alábàárù ń ké "àgò o!", àwọn obìnrin tó wá rajà láti Ìkòròdú, Kétu àti Ọ̀jọ́ta ń dúnàá dúrà, nítorí ẹni tó bá pẹ́, ọjà gidi ti tán kó tó dé. Ẹni tó ń jẹun nínú irú ọjà yìí kì í fẹ́ pàdánù òwúrọ̀ kan ṣoṣo. Bí nǹkan oṣù bá wá dúró lára obìnrin bẹ́ẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, ilé ìwòsàn ìjọba kọ́ ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Kẹ́míìsì tó wà nítòsí ibùdókọ̀ ló máa yà sí, tàbí kó fọ̀rọ̀ lọ alágbo, tàbí kó wá "nọ́ọ̀sì" kan tí ọ̀rẹ́ júwe fún un lọ. Wọ́n á já hóró oògùn mélòó kan fún un, wọ́n á fi bébà wé e, kò ní sí orúkọ lára rẹ̀, kò ní sí àlàyé. Ó di ilé.

Ibi tí ewu ti ń wọlé nìyẹn. Nígbà tí oyún bá ṣì kéré, tí ẹni tó mọṣẹ́ bá bójú tó o pẹ̀lú irinṣẹ́ tó mọ́ tàbí oògùn tó péye, ṣíṣẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn ìtọ́jú tí ewu wọn kéré jù nínú iṣẹ́ ìṣègùn. Ohun tó ń sọ ọ́ di ikú ni ìkọ̀kọ̀, ọwọ́ tí kò kọ́ṣẹ́, àti ìdádúró: ọmọbìnrin ti ń ṣẹ̀jẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, ó di ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, nítorí pé ìyá rẹ̀ ń bẹ̀rù ẹnu aráyé, òun fúnra rẹ̀ sì ń bẹ̀rù ọlọ́pàá.

Akinrinọlá Bánkọ́lé ti àjọ Guttmacher ní Amẹ́ríkà àti àwọn onímọ̀ kan, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adéwọlé ti Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tó padà di mínísítà ètò ìlera, wà lára wọn, ti ṣe ìwádìí lórí èyí. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé oyún tó tó 1,250,000 ni wọ́n ṣẹ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 2012. Nínú àwọn tó fara gbá a, 212,000 obìnrin ló rí ìtọ́jú gbà ní ilé ìwòsàn. Àwọn 285,000 mìíràn ni ìpalára tiwọn náà le, ṣùgbọ́n tí wọn kò rí ìtọ́jú kankan. Ẹ tún un kà. Àwọn tí kò rí ìtọ́jú pọ̀ ju àwọn tó rí i lọ. Kárí ayé, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé oyún bíi mílíọ̀nù 73 ni wọ́n ń ṣẹ́ lọ́dọọdún, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, bíi 45 ni wọ́n ń ṣẹ́ lọ́nà tó léwu. Ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ibi tí èyí tó léwu ti pọ̀ jù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé òfin kò fàyè gba ohunkóhun lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òótọ́ ni pé òfin le. Òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún ìhà gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá ṣẹ́ oyún fún obìnrin lọ́nà àìtọ́ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 14, obìnrin tó bá ṣẹ́ tirẹ̀ lè lo ọdún 7, ẹni tó sì mọ̀ọ́mọ̀ pèsè oògùn tàbí irinṣẹ́ lè lo ọdún 3. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn dókítà tó fi òótọ́ inú àti ìmọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ láti dá ẹ̀mí ìyá sí. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ìwà ọ̀daràn tirẹ̀ lọ́dún 2011, wọ́n fẹ àyè náà sí i díẹ̀. Abala 201 rẹ̀ gbà kí dókítà tọ́jú obìnrin láti dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, àti láti dáàbò bo ìlera ara rẹ̀ pẹ̀lú. Obìnrin tí ọkàn rẹ̀ ń dá iṣẹ́ sílẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò ṣeé kápá, tàbí tó ní jẹjẹrẹ tí wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ kíá, lè bá dókítà sọ̀rọ̀ l'Ékòó láìbojú wẹ̀yìn.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1938, dókítà kan ní London tó ń jẹ́ Aleck Bourne ṣẹ́ oyún ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14 tí àwọn sójà fipá bá lò pọ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọlọ́pàá pé òun ṣe é. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Adájọ́ sọ fún ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà pé bí dókítà bá gbà tọkàntọkàn pé oyún náà yóò sọ obìnrin di ẹni tí ara tàbí ọpọlọ rẹ̀ bàjẹ́, ẹ̀mí rẹ̀ ló ń dá sí. Wọ́n dá Bourne sílẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tẹ̀ lé ìdájọ́ náà nínú ẹjọ́ kan tó ti Nàìjíríà wá. Láti ìgbà náà, àwọn amòfin ní gúúsù ilẹ̀ yìí ti ń tọ́ka sí i, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba dókítà ló mọ̀ ọ́n, àwọn aláìsàn kò sì gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Ohun tó yẹ kó mú àìmọ̀kan yìí kúrò dé ní oṣù Okúdù ọdún 2022. Iléeṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìwé ìlànà kan jáde, ìwé olójú-ewé 40, tó ṣàlàyé fún àwọn dókítà ìgbà tí òfin gbà kí wọ́n ṣẹ́ oyún, bí wọ́n ṣe máa ṣe é láìsí ewu, àti irú ìmọ̀ràn tó yẹ kí wọ́n fún obìnrin ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Kò dá òfin tuntun kankan sílẹ̀. Òfin tó ti wà nílẹ̀ láti 2011 ló ń túmọ̀. Ariwo sọ. Àwọn olórí ẹ̀sìn, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Alfred Adéwálé Martins ti ìjọ Kátólíìkì l'Ékòó wà lára wọn, sọ pé àwọn kò fara mọ́ ọn. Kí oṣù Agẹmọ tó lo ọjọ́ mẹ́wàá, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ní kí wọ́n dá ìwé náà dúró ná kí àwọn aráàlú lè jíròrò lórí rẹ̀. Kọmíṣọ́nnà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abáyọ̀mí, ló kéde rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ àwọn olórí ẹ̀sìn ni láti sọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́, ìgbàgbọ́ wọn kò sì ṣeé fi tàfàlà, nítorí ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ dókítà ló ní ìgbàgbọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n dídá ìwé ìlànà náà dúró kò dá oyún ṣíṣẹ́ dúró. Ó kàn fi dókítà tó fẹ́ tẹ̀ lé òfin sínú òkùnkùn ni, ẹni tó ń já hóró oògùn sínú bébà sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí gbogbo ará Mile 12 gbọ́dọ̀ mọ̀, bí wọ́n bá gbàgbé gbogbo ìyókù. Obìnrin tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ì báà jẹ́ pé oyún náà bàjẹ́ fúnra rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹnì kan ló ṣẹ́ ẹ, kò sí òfin tó ní kí wọ́n má tọ́jú rẹ̀. Òfin ìlera àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2014, ní abala 20 rẹ̀, sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san owó ìtanràn ₦100,000, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kí wọ́n fi méjèèjì jẹ ẹ́. Ìtọ́jú lẹ́yìn oyún tó bàjẹ́ tàbí tí wọ́n ṣẹ́ jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní ilé ìwòsàn. Dókítà kò nílò kí aláìsàn jẹ́wọ́ fún un bí ẹni pé ó wà níwájú adájọ́. Ohun tó nílò ni òótọ́ nípa oògùn tó lò àti ìgbà tó lò ó, kó lè mọ ohun tó máa ṣe.

Báwo wá ni ìtọ́jú tó dára ṣe ń rí?

Ìjókòó ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á ní kí obìnrin náà jókòó, kí ẹni tó sìn ín wá dúró síta ná, bó jẹ́ ọkọ, bó jẹ́ ìyá, bó jẹ́ ọ̀rẹ́kùnrin. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Obìnrin tí wọ́n ń fipá mú kó ṣẹ́ oyún tó fẹ́ bí kò lè sọ ọ́ lójú ẹni tó ń fipá mú un, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí wọ́n ń fipá mú kó bí i. "Àǹtí, ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín gbẹ̀yìn?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́, nítorí ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí oyún. Ọ̀pọ̀ obìnrin ń kà á láti ọjọ́ tí wọ́n rò pé oyún dúró, tàbí láti ọjọ́ tí àyẹ̀wò ìtọ̀ ti fi hàn wọ́n, oyún tí wọ́n sì pè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lè ti pé méje. Ìṣìrò yìí ló ń pinnu irú ìtọ́jú tó tọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè tó wúwo: kí lẹ fẹ́? Olùdámọ̀ràn rere kì í dáhùn rẹ̀ fún obìnrin. Ó máa sọ gbogbo ọ̀nà tó wà: kó bí ọmọ náà, kó bí i kó sì fà á kalẹ̀ lọ́nà òfin fún ẹni tó máa gbà á tọ́, tàbí, bí ìlera rẹ̀ bá mú un wọ inú ohun tí òfin gbà, kó ṣẹ́ ẹ. Ó máa sọ ohun tí òfin sọ láìbùmọ́ láìbùkù. Ó máa bi í bóyá ẹnikẹ́ni ń lù ú nílé, bóyá wọ́n fipá bá a lò pọ̀, bóyá ó ní ẹni tó lè wà pẹ̀lú rẹ̀ nílé lálẹ́ ọjọ́ tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀. Bí obìnrin bá ní òun fẹ́ lọ rò ó, wọ́n á ní kó lọ rò ó, wọ́n á sì sọ fún un pé kó má pẹ́ jù. Èyí tó bá ní òun yóò bí i, ibẹ̀ náà ló ti máa gba káàdì ìtọ́jú aláboyún. Ìmọ̀ràn tí wọ́n bá fi ìwàásù tàbí èébú bò mọ́lẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n bá bú lẹ́ẹ̀kan kò ní padà wá, títí kan ọjọ́ tí ibà bá gùn ún tí ikùn rẹ̀ sì ń run ún.

Skáànì tún ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Oyún kan máa ń wà tí kì í dúró sínú ilé ọmọ, tó jẹ́ pé inú ọ̀nà tóóró tí ẹyin ń gbà kọjá ló há sí. Oògùn ìṣẹ́yún kì í wo irú oyún bẹ́ẹ̀. Yóò máa dàgbà níbẹ̀ títí tí ọ̀nà náà yóò fi bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì kún inú ikùn láìjáde síta tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ti lo oògùn kẹ́míìsì á rò pé oògùn ló ń ṣiṣẹ́ lára òun, nígbà tó jẹ́ pé wákàtí díẹ̀ ló kù fún un. Ìrora ẹ̀gbẹ́ ikùn kan, òòyì àti ìrora ní èjìká jẹ́ àmì tí kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì.

Ọ̀nà méjì ni WHO fọwọ́ sí jù fún oyún tó ṣì kéré. Ọ̀kan ni oògùn: mifepristone, tó ń dá agbára tó gbé oyún dúró lẹ́kun, àti misoprostol, tó ń mú ilé ọmọ súnkì kó lè ti ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ìtàn oògùn kejì yìí yani lẹ́nu. Ọgbẹ́ inú ni wọ́n ṣe é fún, ní orúkọ Cytotec. Àwọn obìnrin Brazil ló kíyè sí i ní àwọn ọdún 1980 pé ó ń mú oyún wálẹ̀, kí àwọn dókítà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí rẹ̀. Lónìí, oògùn yìí kan náà ń gba ẹ̀mí àwọn ìyá ọlọ́mọ là, nítorí ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ. NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fọwọ́ sí i fún iṣẹ́ yẹn ní Nàìjíríà lọ́dún 2006. Nítorí náà ó wà lọ́jà, ẹni tó ń tà á láìmọ iye tó yẹ sì pọ̀. Iye rẹ̀ yàtọ̀ sí ara gẹ́gẹ́ bí oyún ṣe dàgbà tó, obìnrin tí wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ abẹ ìbímọ fún rí gbọ́dọ̀ sọ ọ́, nítorí bí oyún bá ti dàgbà, ojú àpá ilé ọmọ lè ya.

Ọ̀nà kejì ni fífà á jáde. Irinṣẹ́ rẹ̀ kò ju sírińjì oníke ńlá kan lọ, tó ń gba 60 mílílítà, àti ọ̀pá rọ́bà tóóró tó rọ̀. Kò nílò iná mànàmáná, èyí tó jẹ́ ohun ayọ̀ ní ìlú tiwa. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tí wọ́n kọ́ á fún obìnrin ní oògùn ìrora, á fi ọwọ́ fa afẹ́fẹ́ inú sírińjì náà, á sì fi í fa ohun tó kù nínú ilé ọmọ jáde. Kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, obìnrin náà sì lè lọ sílé lọ́jọ́ kan náà. Ohun kan náà ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí oyún rẹ̀ bàjẹ́ fúnra rẹ̀ tí díẹ̀ sì ṣẹ́ kù. Èyí tí àwọn èèyàn Mile 12 mọ̀ sí D&C, tí wọ́n fi irin ha inú ilé ọmọ, WHO ti ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún oyún kékeré, nítorí irin yẹn lè dá ilé ọmọ lu, ó sì lè fi àpá sílẹ̀ tó máa di àìrọ́mọbí lọ́la. Bí ilé ìwòsàn kékeré kan bá ṣì ń lò ó, obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí.

Káún tí wọ́n pò mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́, oògùn ibà àlòjù, búlúù aṣọ, igi tí wọ́n kì bọ ojú ara: kò sí èyí tó ń ṣẹ́ oyún láìba nǹkan mìíràn jẹ́ lára. Kíndìnrín ni àwọn kan ń bà jẹ́, ìfun ni àwọn kan ń dá lu.

Ẹ jẹ́ ká sọ àwọn àmì ewu ní kedere. Bí páàdì ńlá méjì bá kún fọ́fọ́ láàárín wákàtí kan, tó sì tún rí bẹ́ẹ̀ ní wákàtí kejì. Bí ara obìnrin náà bá ń gbóná, tí òtútù ń mú un. Bí omi tó ń jáde bá ń rùn. Bí ikùn bá le tí kò sì ṣeé fọwọ́ kàn. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ tàbí tó dákú: ilé ìwòsàn ló kàn, lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ òru.

Ìbẹ̀rù ọlọ́pàá kò ṣàì nídìí. Ní oṣù Èbìbí ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá yabo ilé ìwòsàn kan l'Ékòó tó jẹ́ ti Marie Stopes, àjọ tó ń ṣe ìfètòsọ́mọbíbí, wọ́n sì kó fáìlì àwọn aláìsàn lọ. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ máa ń ràn kálẹ̀ kíákíá láàárín àwọn obìnrin ọjà, ó sì máa ń gbé ọmọbìnrin tó yẹ kó lọ sí ilé ìwòsàn padà sọ́dọ̀ kẹ́míìsì. Àṣírí aláìsàn jẹ́ ohun tí òfin ìlera ọdún 2014 yẹn dáàbò bò. Ó yẹ kí àwọn agbófinró mọ̀ pé fáìlì tí wọ́n bá gbé lè pa ẹni tí kò tíì dé ibẹ̀ rárá.

Fún ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ọ̀rọ̀ náà yára ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Mirabel Centre wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà láti ọdún 2013, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Itoro Eze-Anaba ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ń fúnni ní oògùn àti ìmọ̀ràn, wọn kì í sì í gbowó. Bí obìnrin bá dé láàárín wákàtí 72, oògùn wà tó lè dènà kòkòrò HIV. Bó bá dé láàárín ọjọ́ márùn-ún, oògùn pàjáwìrì wà tó lè dènà kí oyún dúró rárá. Ìyá tó bá ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ méjì "nítorí ìtìjú" ti jẹ́ kí àǹfààní méjèèjì bọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá parí, oyún mìíràn lè dúró láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí obìnrin náà tó rí nǹkan oṣù rárá. Èyí máa ń ya ọ̀pọ̀ wọn lẹ́nu. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí nọ́ọ̀sì jẹ́ kó lọ láìsọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí. Ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé owó àwọn ohun èlò rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba láti ọdún 2011: abẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ. Wọ́n lè ṣe púpọ̀ nínú wọn fún un lọ́jọ́ kan náà.

Ibì kan wà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú Kétu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mile 12: Kétu ilẹ̀ Benin, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè wa. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2021, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ náà dìbò lórí òfin tó gbà kí obìnrin ṣẹ́ oyún tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ, bí oyún náà bá máa dá ìnira sílẹ̀ fún un nínú ìgbésí ayé, ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ rẹ̀. Mínísítà ètò ìlera wọn, Benjamin Hounkpatin, ṣàlàyé ìdí rẹ̀: ó sọ pé obìnrin tó sún mọ́ 200 ló ń kú lọ́dọọdún ní ilẹ̀ kékeré yẹn nípasẹ̀ oyún ṣíṣẹ́. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ta kò ó níbẹ̀ pẹ̀lú. Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ ṣe àwòkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àwọn ará Benin jókòó, wọ́n ka òkú wọn, wọ́n sì fi ìdí ọ̀rọ̀ sọ níta gbangba. Ìjíròrò tí Èkó ṣèlérí lọ́dún 2022 ni wọ́n ṣe.

Ó yẹ kí Gómìnà àti iléeṣẹ́ ètò ìlera gbé ìwé ìlànà yẹn padà, kí wọ́n jíròrò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn olórí ẹ̀sìn, àwọn dókítà àti àwọn obìnrin ọjà fúnra wọn, kí dókítà lè mọ ibi tí òfin mọ. Ó yẹ kí àwọn ìyálọ́jà Mile 12 pe nọ́ọ̀sì láti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé agbègbè wọn wá sí ọjà, ní ọ̀sán tí ọjà bá ti rọlẹ̀, kó wá bá àwọn ọmọbìnrin sọ̀rọ̀. Ìwọ tó ń ka èyí, bí ẹnì kan bá ń ṣẹ̀jẹ̀ nílé rẹ lálẹ́ yìí, má bi í léèrè ẹni tó ni oyún náà. Pe nọ́ńbà pàjáwìrì 112 tàbí 767, tàbí kí o gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Gbàgádà, kí o sì bá dókítà sọ orúkọ oògùn tó lò.